Omi àlòkù ìlú: ṣé odò Ògùn náà lè rí ìpín tirẹ̀ gbà?

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo wa ní Òkè-Ògùn la mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe máa ń rí. Omi kànga á lọ sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi á gbówó lórí, àwọn odò kéékèèké á gbẹ, á wá ku ọ̀gọ̀dọ̀ díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Àgbẹ̀, darandaran àti ẹran ìgbẹ́, ibi omi kan náà ni gbogbo wọn á forí lé. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi yẹ ká wo ohun tí ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe. Inú aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà. Òjò tó ń rọ̀ fún wọn lọ́dún kò tó ìdajì tiwa. Odò Santa Cruz tó gba àárín ìlú wọn kọjá ti gbẹ, torí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fa omi abẹ́ ilẹ̀ láìdá a padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í da omi padà sínú odò náà. Omi àlòkù ni o: èyí tí aráàlú ti fi wẹ̀, tí wọ́n ti fi fọṣọ, tí wọ́n wá sẹ́, tí wọ́n sì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ó lè tó gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 2.8 lójúmọ́, ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó tó 400,000 lọ. Kò pẹ́ tí omi ṣàn tí lámilámi ti dé etí odò.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ní ìsàlẹ̀ odò yẹn kan náà, omi àlòkù ti ń ṣàn tipẹ́, àmọ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ tó ń fọ omi náà ṣe lọ́dún 2013 ni nǹkan yí padà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, wọ́n rí ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gila topminnow níbẹ̀, ẹja tí ẹnikẹ́ni kò rí ní àgbègbè náà fún ohun tó lé ní 70 ọdún. Kì í ṣe omi lásán ló dá ẹja padà. Omi tó mọ́ ni.

Ẹnìkan á ní, àwa tí a ò tíì rí omi ẹ̀rọ mu, ṣé ẹja la fẹ́ máa bu omi fún? Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé omi tí ẹja ń mu náà lèèyàn ń mu. Odò Ògùn ṣẹ̀ láti àwọn òkè tó wà nítòsí Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì dé Èkó, níbi tí ilé iṣẹ́ omi Ìjú àti Adíyàn ti ń fa omi rẹ̀. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, odò yìí àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni ìgalà, ẹfọ̀n, ìmàdò àti ìjímèrè inú ọgbà ẹranko Old Oyo National Park gbójú lé, ọgbà tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó.

Ní gúúsù ọgbà yẹn ni dáàmù Ikere Gorge wà, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Láyé ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní á fún wa ní iná, á bomi rin oko hẹ́kítà 12,000, á sì fún àwọn ìlú wa lómi ẹ̀rọ. Iná ní alágbàwí, oko ní alágbàwí, omi ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀. Odò fúnra rẹ̀ ni kò ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí a ń sọ ni pé, nígbàkígbà tí wọ́n bá jókòó láti pín omi Ikere Gorge, kí wọ́n pín tiẹ̀ fún odò. Kí àjọ Ogun-Oshun River Basin jẹ́ kí aráàlú mọ iye omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lóṣooṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àgbẹ̀ àti apẹja tó wà nísàlẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n máa retí.

Ní ti omi àlòkù, ṣálańgá àti sọkawé la ṣì ń lò nílé wa, a ò tíì ní páìpù bíi ti Tucson. Ṣùgbọ́n ó níbi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìwòsàn, ilé ìpẹran. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní adágún tí wọ́n gbẹ́ fún omi ìdọ̀tí wọn, tí oòrùn àti kòkòrò àìfojúrí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kó tó wọ odò. Irú adágún bẹ́ẹ̀ kì í jẹ iná rẹpẹtẹ, àmọ́ ó ń fẹ́ ìtọ́jú lóòrèkóòrè. Bí a bá kàn da ìdọ̀tí sódò láìfọ̀ ọ́, ẹja á kú, onígbáméjì á sì wọlé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ìgbà òjò ló yẹ ká ti máa bá ìjọba sọ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìgbà tí odò bá ti gbẹ.