Ilé-iṣẹ́ sólà tó ń yára pa iná, kó yára tún un ṣe pẹ̀lú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná sólà fún ìgbèríko mu lásìkò yìí. Owó ará oko ni wọ́n ń wá, ó sì yẹ kí wọ́n lè fara da wàhálà àtidé oko. Ṣùgbọ́n láti ìgbà àrùn kòrónà, ó ti mọ́ àwọn kan nínú wọn lára láti jókòó sí Èkó tàbí Abuja, kí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà darí abúlé.

Ìyà ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n náà. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ogun àti Abuja. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ọjọ́ 1, oṣù keje ọdún náà ni wọ́n tó tú u. Ó ṣòro fún oníṣẹ́ iná láti dé abúlé. Bátìrì àti páànẹ̀lì tó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà bọ̀ náà pẹ́ kó tó dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ bá gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníbàárà ń fi fóònù sanwó, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì ń wo bí bátìrì ṣe kún tó láì kúrò lórí àga rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò burú. Ó dín owó ọkọ̀ kù, ó sì gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ewu ojú ọ̀nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé fóònù lè pa iná, ṣùgbọ́n kò lè so wáyà tó já.

Lọ́jọ́ tí owó tí oníbàárà san bá tán, ẹ̀rọ yóò ti ara rẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kó ṣe sùúrù. Àmọ́ bí ààrá bá sán ba ínfátà jẹ́, ohun tí ará abúlé yóò gbọ́ lórí fóònù ni pé, “Ẹ ní sùúrù, òṣìṣẹ́ wa ń bọ̀.” Télọ̀ tó ti ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ nítorí sólà yóò káwọ́ gbera. Ẹja tó wà nínú fìríìjì yóò bàjẹ́. Agbẹ̀bí yóò tún padà sídìí àtùpà. Irú sùúrù wo nìyẹn?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwíjàre tiwọn. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi di ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Ẹni tó ń fi dọ́là ra bátìrì, tó sì ń fi náírà gba owó iná, mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọjọ́ tí iná kò bá tàn, ilé-iṣẹ́ náà kò rí nǹkan tà. Àdánù oníbàárà, àdánù ọlọ́jà ni.

Ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ níbẹ̀. Nínú ètò iná ìgbèríko tí Báńkì Àgbáyé fi 350 mílíọ̀nù dọ́là tì lẹ́yìn lọ́dún 2018, ilé-iṣẹ́ tó fa iná sí abúlé ń gba owó ìrànwọ́ lórí ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí iná náà bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún 90 ọjọ́. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n bátìrì kì í sábà bàjẹ́ láàárín 90 ọjọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là míì, tí wọ́n fẹ́ kí àǹfààní rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 17 ààbọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí àjọ REA, tó ń mójú tó iná ìgbèríko, fi apá kan irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ilé-iṣẹ́ tí iná rẹ̀ bá ṣì ń tàn lọ́dún kẹta àti ìkarùn-ún.

Ohun tó kù kò le. Kí ilé-iṣẹ́ kọ́ ọ̀dọ́ méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan níṣẹ́, kó sì máa sanwó fún wọn. Ọmọ onílẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kí wọ́n kó àwọn ohun tó máa ń tètè bàjẹ́ sí ìlú tó wà nítòsí, kó má jẹ́ Èkó ni wọ́n ti ń wá fíúsì. Bí iná bá sì kú fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n dá owó ọjọ́ mẹ́ta padà sórí mítà oníbàárà. Kọ̀ǹpútà tó mọ ìgbà tí owó tán kò lè ní òun kò mọ ìgbà tí iná kú.

Ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ọwọ́ yín ni ọ̀bẹ wà. Ìlànà àjọ NERC fàyè gba ilé-iṣẹ́ láti bá ará ìlú dúnàádúrà lórí owó iná, bí oníbàárà tó tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún bá fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ béèrè ẹni tí yóò wá tún iná ṣe, àti iye ọjọ́ tí yóò fi dé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.