Ẹ Gbé Pàṣán Yẹn Sílẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ má wẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Agogo ilé-ìwé dún, ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó ń ké. Kí lẹ ṣe? Ẹ fa pàṣán yọ. Igbe ọ̀hún le sí i, ẹ ní agídí ni, ẹ tún nà án kún un.

Ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́ nípa ọ́tísíìmù, tó máa ń mú ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀, rí. Láti 2008 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń fi ọjọ́ kejì oṣù kẹrin rántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ ti gbàgbé.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "kò lẹ́kọ̀ọ́" tẹ́ ẹ máa ń sọ. Ẹ bi ọmọ pé, "Ṣé o fẹ́ omi?" Òun náà ní, "Ṣé o fẹ́ omi?" Ẹ ní ó ń sín yín jẹ. Ìsínjẹ wo? Omi ló ń tọrọ! Gbólóhùn tó máa ń gbọ́ kí omi tó dé nìyẹn, òun ló sì rí mú lò. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Baltimore, kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 11. Ó ṣàlàyé àsọtúnsọ yìí, ó sì ní mẹ́ta nínú wọn kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba NCE ṣì ń pè é ní àfojúdi.

Ẹ tún ní kì í wojú yín. Ta ló ń ranjú mọ́ àgbà nílẹ̀ Yorùbá tẹ́lẹ̀? Èyí tó bá ranjú, ẹ ní kò nítìjú, èyí tí kò wò yín, ẹ di àgbọ̀n rẹ̀ mú: "Wo ojú mi!" Ẹ mú ọ̀kan.

Ẹnu nìkan kọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ní 1985, ní Delaware, Amẹ́ríkà, Andy Bondy àti Lori Frost gbé ọ̀nà kan kalẹ̀: ọmọ á mú àwòrán ohun tó fẹ́, á fi lé tíṣà lọ́wọ́, tíṣà á sì fún un ní nǹkan náà lójú ẹsẹ̀. Páálí àti gọ́ọ̀mù, èwo ni kò sí lọ́jà? Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé àwòrán ò ní jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kan tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ gbọ́ ti igbe abẹ́ tábìlì yẹn. Ọmọ tó ń sunkún súìtì á máa yọjú wò yín bóyá ọkàn yín ti rọ̀. Eléyìí ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ mọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀, kíláàsì tó ń pariwo ka ABD, ooru, tíṣà tuntun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ti hó bo ìdérí. Lásìkò yẹn, ẹ má wàásù. Ẹ mú un kúrò níbi ariwo, kí ọ̀rọ̀ yín mọ ní méjì mẹ́ta, kí ẹ sì ní sùúrù. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ tán lẹ ó tó kọ́ ọ kó máa na káàdì tó fi ń tọrọ ìsinmi sí yín kó tó dé bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ lẹ àwòrán iṣẹ́ òòjọ́ mọ́ ògiri: ìṣirò, oúnjẹ, eré, ilé. Bí ohun kan yóò bá yí padà, ẹ fi hàn án ṣáájú.

Òfin tí ààrẹ Nàìjíríà bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ta ni tiyín? Ẹ ní ìjọba ò tíì rán an wá. Ṣé ẹ ti kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀? Èyí tẹ́ ẹ fi ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sílé, ẹ kì í pẹ́ kọ ọ́.