Bárékè Kì í Ṣe Ààtàn Ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ jù lẹ́nu àwa òbí nílẹ̀ Yorùbá. Bí ọmọ bá ya aláìgbọràn, tí ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, tó ń bá àwọn ọmọ ìta rìn, a ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ ṣe sójà, wọn ó bá wa tún un ṣe." Bí èyí tó ń gba ipò kìíní ní kíláàsì bá sì ní ológun lòun fẹ́ ṣe, ìyá rẹ̀ á káwọ́ lérí, ẹbí á pèpàdé. Irọ́ ló gbé èrò méjèèjì ró, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ná. NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1964, kò gba ẹni tí kò ṣe JAMB, tí kò sì yege nínú ìdánwò tiwọn àti àyẹ̀wò ara. Láti 1985 ni wọ́n ti ń gba dìgírì níbẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni, ìjọba ló sì ń gbé bùkátà ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin, ó kéré tán, ní WAEC tàbí NECO, kí ilé-ẹjọ́ má sì tíì dá a lẹ́bi ọ̀ràn rí. Ọmọ tí ẹ ní kí wọ́n bá yín tún ṣe, ẹnu géètì ni wọn yóò ti dá a padà.

Ta sì ni Adékúnlé Fájuyì kó tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1943? Olùkọ́ ni. Ọmọ Adó-Èkìtì yìí gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà Military Cross nítorí ogun Congo lọ́dún 1961. Ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló kú sí, òun àti àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó ń ṣolórí ìjọba nígbà náà, tí wọ́n mú nílùú Ìbàdàn ní oṣù Keje ọdún 1966. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ náà, ìwà akin ni wọ́n fi ń jẹ oyè ológun tí à ń pè ní Ẹ̀ṣọ́, àádọ́rin péré sì ni wọ́n. Àwọn baba wa kò kó ọmọ tó sú wọn síbẹ̀.

Àwọn kan á ní ìbáwí ológun a máa tún ìwà ṣe. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá gba ìbáwí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ká, ṣé ìbọn ló yẹ kí ẹ fi lé e lọ́wọ́?

Èmi kò sọ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Lóòótọ́, owó oṣù ń wọlé, ilé wà, ilé-ìwòsàn wà, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀ láti kọ́. Ṣùgbọ́n láti 2009 ni ogun Boko Haram ti ń pa àwọn ọmọ wa ní Borno. Sójà kò lè daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún sójà 54 tí wọn kò lọ sójú ogun. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ohun ìjà tó kájú ọ̀tá kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ọdún kejì ni wọ́n tó yí ìdájọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ti fẹ̀yìntì sì ti dúró níwájú ilé-iṣẹ́ ìṣúná l'Ábùjá, wọ́n ń pariwo owó wọn.

Ta ló bá wọn pariwo nínú wa? Ibi tí irọ́ yìí ti burú jù nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbà pé pàǹtí lòun dà sí bárékè kò ní béèrè bóyá pàǹtí jẹun, bóyá bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bóyá opó rẹ̀ rí nǹkan gbà. Ìjọba mọ̀ pé a kò ní béèrè, ìdí nìyẹn tó fi ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn sójà.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ní làákàyè, tára rẹ̀ le, tí iṣẹ́ náà wù látọkàn, ẹ má dí i lọ́nà. Ẹ sọ ewu ibẹ̀ fún un láì fi ohunkóhun pamọ́. Èyí tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jókòó ti í nílé kí ẹ kọ́ ọ. Bí aṣòfin yín bá sì tún wá tọrọ ìbò, kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ bi í ní ohun tó ti ṣe lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà.