Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Rìmù Ńlá àti Táyà Pẹlẹbẹ

Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í mú ọmọ lọ. Ìbá ṣe pé àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí rí ohun tí à ń ṣe sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lóde òní ni, wọn ì bá fi kún un pé ó ń gbé ọkọ̀ sínú kòtò pẹ̀lú. Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wọn a yọ rìmù tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́, wọn a fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, wọn a sì wọ táyà pẹlẹbẹ sí i. Ní tèmi, àṣà yìí kò bá ọ̀nà wa mu. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ni à ń rà gan-an? Ẹ wo táyà 195/65R15, ìwọ̀n kan tí ó wọ́pọ̀ lára Toyota Corolla. 195 ni fífẹ̀ táyà náà ní mílímítà. 65 ń sọ fún wa pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 65 nínú 100 fífẹ̀ náà, ìyẹn ni nǹkan bí 127 mílímítà. R ń tọ́ka sí bí a ṣe to okùn inú rẹ̀, 15 sì ni ìwọ̀n rìmù ní íǹṣì. Bí a bá wá gbé 225/45R17 sí ipò rẹ̀, gíga ẹ̀gbẹ́ táyà yóò di 101 mílímítà. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn ẹsẹ̀ méjèèjì láti òkè dé ilẹ̀, nǹkan bí 634 mílímítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kò ga sí i rárá. Rìmù ni ó jẹ lára rọ́bà.

Ẹni tí kò bá sì ṣe ìṣirò yìí lè bọ́ sínú ọ̀fìn mìíràn. Bí ó bá ra 225/55R17, ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 7 nínú 100 tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí aago ojú ọkọ̀ bá ń sọ fún un pé 100 ni òun ń sá, 107 ni ó ń sá ní tòótọ́. Táyà náà sì lè máa ha ara ọkọ̀ bí ó bá ń yí kọ́nà.

A kò gbọdọ̀ jiyàn pé táyà pẹlẹbẹ kò ní àǹfààní. Ní àwọn ọdún 1970, Pirelli ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní P7 fún àwọn ọkọ̀ asáré bíi Porsche 911 Turbo. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí ó kúrú kì í mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ ní kọ́nà, ọkọ̀ a sì tètè gbọ́ àṣẹ awakọ̀. Rìmù ńlá a sì fi àyè sílẹ̀ fún bírékì ńlá. Àwọn tí ó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó tẹ́jú bí ẹní ni wọ́n ṣe é fún. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbẹ́ táyà ń ṣe? Tìmùtìmù ni ó jẹ́ fún ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, afẹ́fẹ́ inú táyà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gba ìyà náà. Bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún bá kúrú, etí kòtò àti irin rìmù yóò há rọ́bà mọ́ àárín, okùn inú rẹ̀ yóò sì já. Ìgbà náà ni ẹ ó rí kókó tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bí eéwo. Ẹni tí ó bá fi irú táyà bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀nà márosẹ̀ ń fi ikú ṣeré. Bí táyà kò bá sì bẹ́, rìmù lè wọ́ tàbí kí ó sán. Ìyà tí ó bá ṣẹ́kù di ti ṣọ́kù àti egungun ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ owó tún ńkọ́? Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, kò sì pẹ́ sí i tí Dunlop ní Ìkẹjà náà dẹ́kun táyà ṣíṣe. Owó gọbọi ni táyà tuntun láti òkè òkun. Ẹni tí ó bá ti ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí rìmù, táyà tòkunbọ̀ ni yóò sá lọ rà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT ni ó ń sọ ọjọ́ orí táyà: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Mélòó nínú wa ni ó ń wò ó kí ó tó sanwó?

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ọkọ̀ mi ni, owó mi ni.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí táyà bá bẹ́ lórí eré, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tí ó ra rìmù. Ọ̀rẹ́ tí a gbé wà níbẹ̀, ìyá tí ó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá lè gbé e jẹ́ẹ́, kí ó má ṣe ju íǹṣì kan lọ. 205/55R16 kò jìnnà sí 195/65R15, nítorí nǹkan bí 632 mílímítà ni. Kí ó wo nọ́ńbà ẹrù tí táyà lè gbé: 91 dúró fún 615 kìlógíráàmù lórí táyà kan. Kí ó má ṣe ra èyí tí ó kéré sí ti ilé iṣẹ́. Kí ó sì ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ nípa ìwọ̀n afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni gbogbo táyà ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa tí wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá lè ṣe àlàyé ìró ohùn àti àpólà gbólóhùn fún ara wa nínú kíláàsì, ó yẹ kí a lè ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan tí yóò túmọ̀ nọ́ńbà ara táyà fún wọn ní èdè wa. Kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èdè tí kò lè gba ẹ̀mí là lójú títì, a kò tíì kọ́ ọ tán.