Iṣẹ́ Ìhìnrere ní Ilẹ̀ Japan: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ìjọ Ṣómólú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin tí ẹ ń sìn ní Ṣómólú àti ní Bàrígà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. A máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù pé àsìkò tó wàyí fún àwa ènìyàn dúdú láti gbé Ìhìnrere lọ sí Japan, níbi tí Kristiẹni kò ti ju nǹkan bí ẹnì kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. A sì ń gba ọrẹ nítorí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá alákàrà àti lọ́wọ́ ọmọ-iṣẹ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ète náà dára. Ọ̀nà tí a ń gbà lépa rẹ̀ ni kò dára.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun láti máa wí pé ọlọ́kàn líle ni àwọn ará Japan. Ẹ̀rí èké ni. Francis Xavier gúnlẹ̀ sí Kagoshima ní ọdún 1549, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì gbàgbọ́. Nígbà tí àwọn alákòóso fi òfin de ìgbàgbọ́ náà jákèjádò ilẹ̀ wọn ní 1614, a pa àwọn kan, a sì lé àwọn àlùfáà jáde. Síbẹ̀, ní 1865, àwọn ará abúlé Urakami tọ àlùfáà ará Faransé kan wá ní Nagasaki, wọ́n sì fi yé e pé onígbàgbọ́ ni àwọn. Fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ ni àwọn baba wọn ti ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn ní ìkọ̀kọ̀, láìní àlùfáà kan ṣoṣo. Àwa tí a máa ń fi ìjọ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn ní òdìkejì gọ́tà nítorí pé pásítọ̀ bá wa wí, àwa ha ni yóò pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọlọ́kàn líle?

Ẹ tún kíyèsí ọdún 1859. Ní ọdún náà ni a dá Ilé-ẹ̀kọ́ Gíráma ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó wà ní Bàrígà lónìí. Ní ọdún náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún náà gan-an ni oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, James Hepburn, dé Kanagawa ní Japan. Òfin ṣì de Ìhìnrere níbẹ̀. Ọdún 1873 ni a tó ṣí pátákó òfin náà kúrò lójú títì. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó wo aláìsàn sàn láìgba owó, ó sì ń kó ọ̀rọ̀ wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1867 ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Japan jáde. Shanghai ni ó gbé e lọ tẹ̀. Ọdún 1880 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, tó parí ìtumọ̀ Májẹ̀mú Titun. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó gbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìhìnrere ṣe wọ ilẹ̀ tiwa. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, kí a tó rí Bíbélì kà ní èdè ìyá wa.

Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe? A ń rán ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú èdè wọn. Yóò gba yàrá kan ní Tokyo, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀ yóò pé jọ, wọn yóò kọrin ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, ìròyìn yóò sì dé ilé pé a ti gbin ìjọ sí Japan. Èmi kò kẹ́gàn ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àlejò nílò olùṣọ́-àgùntàn. Ìjọ àlejò ni kí a máa pè é. Bí ará Japan kan bá wá gba yàrá ní Bàrígà, tí ó kó àwọn ará ilé rẹ̀ jọ, tí ó bá wọn sọ èdè wọn, tí ó sì kọ̀wé sílé pé òun ti yí Bàrígà lọ́kàn padà, a kò ha ní fi í rẹ́rìn-ín?

Ẹnìkan lè wí pé Ẹ̀mí Mímọ́ yóò fọ èdè fún wa. Kí ó tún Ìṣe àwọn Aposteli orí kejì kà. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì olúkúlùkù gbọ́ ọ ní èdè tirẹ̀. Bí Ọlọ́run bá bu ọlá fún èdè ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, ta ni àwa tí yóò fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀?

Ẹlòmíràn yóò wí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìpàdé ìsọjí ni ó ń mú ènìyàn wá. Kagawa Toyohiko, ọmọ Japan, kò tí ì pé ọdún méjìlélógún nígbà tí ó kó lọ gbé láàárín àwọn òtòṣì Shinkawa ní ìlú Kobe ní 1909. Ó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn àti aláìnílé nínú yàrá tóóró. Ní 1921 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà, kí tálákà lè máa rí oúnjẹ rà ní owó pọ́ọ́kú. Ayé rẹ̀ ni ìwàásù rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́rin láti béèrè. Kí a fi ọrẹ náà kọ́ ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta ní èdè Japan fún ọdún méjì, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó pẹ̀lú, nítorí ó fẹ́rẹ̀ tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ará Japan tí ó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń dá gbé. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n sìn lábẹ́ àwọn àlùfáà ọmọ Japan. Ẹni a bá lábà ni baba. Ní ìparí, kí a máa ka ìṣirò owó náà sétí ìyá alákàrà tí ó dá a.

Gbogbo Èkó ni ó mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ ń tẹ ìwé ìkéde ìsọjí tí àwòrán pásítọ̀ tóbi ju orúkọ Jesu lọ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọ̀nyí bá tẹ ewé ìwé kan ṣoṣo ní èdè Japan, tí ọmọ Ṣómólú kan sì lè kà á fún arúgbó kan létí ibùsùn rẹ̀ kí ó sì yé e, ọjọ́ náà ni kí a tó wí pé a ti bẹ̀rẹ̀.