Ìgò Ńkọ́?

Ẹni tó bá ti òkè òkun dé, kì í pẹ́ tí á fi sọ ọ́: "Ará Jámánì kì í ju ike sí títì. Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀bùn làwa." Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá wí, nítorí ó ń jẹ́ kí àwọn tó yẹ ká bi léèrè rí ọ̀nà sá lọ.

Láti oṣù kìíní ọdún 2003 ni òfin Jámánì ti so sẹ́ǹtì 25 mọ́ agolo ọtí àti ike ohun mímu tí wọn kì í tún rọ nǹkan sí. Pfand ni wọ́n ń pè é. Ẹ óò san án mọ́ owó ọjà, ẹ óò sì gbà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá ike padà. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri ilé ìtajà tó la ẹnu roboto. Ẹ ti ike bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á máa yí i bírí títí á fi rí àmì ara rẹ̀ kà. Ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń rún un lọ́hùn-ún, á wá pọ ìwé pélébé tẹ́ ẹ óò fi gbowó. Bí ìwé ara ike bá ti ya, á tì í padà fún yín, kò gbẹ̀bẹ̀. Nínú 100 ike bẹ́ẹ̀, ó ju 95 lọ tó ń padà sílé.

Lálẹ́, ẹni tó mutí tán ní gbàgede a máa gbé ìgò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dúróọ̀mù ìdalẹ̀sí, kí àgbàlagbà tó ń ṣa ìgò kiri má baà tọwọ́ bọ ẹ̀gbin. Ìwà ọmọlúàbí ni, àmọ́ owó ló ṣí ọ̀nà fún un. Òfin yọ ike oje èso sílẹ̀ títí di 2022. Nígbà náà, ará Jámánì kan náà kì í gbé ìyẹn padà sílé ìtajà. Ta ni yóò sanwó rẹ̀ fún un?

Ẹnìkan á ní Japan ńkọ́? Ní Kamikatsu, aráàlú ń pín pàǹtí sí ọ̀nà tó lé ní 40, fúnra wọn ni wọ́n sì ń gbé e lọ. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré orí òkè ni, wọn ò tó 2,000. Ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n fún Mushin.

Àwa náà ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bá rán lọ ra mínírà láyé ìgò, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá onímínírà máa bi í ni, "Ìgò ńkọ́?" Bí kò bá mú un wá, á fowó ìgò sílẹ̀, tàbí kó dúró mu ún tán níwájú ìsọ̀. Kò sẹ́ni tó ń da ìgò sí gọ́tà nígbà náà. Ìgò ọtí òyìnbó pàápàá, ẹlẹ́pà ń dúró dè é. Ẹ̀jẹ̀ wa kò yí padà láti ìgbà yẹn. Ike ló dé, tí ìyá onímínírà ò sì bèèrè mọ́. Nígbà tí ìgò jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mínírà, wọ́n mọ iye tó wà nínú kéréètì kọ̀ọ̀kan. Ike wá di tiwa láti kó.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó kéde pé òun ti fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n ń di oúnjẹ sí. Ó dára, ṣùgbọ́n èèwọ̀ nìkan kò tó. Kí àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ so owó mọ́ ike mínírà àti ike omi. Kí ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ gbà á padà, kí ìsọ̀ tó tà á sì rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Wọ́n á ní ọjà ti wọ́n jù. Owó tí ń padà sápò kì í ṣe àfikún owó. Ti ọ̀rá omi le jù, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká fi ike bẹ̀rẹ̀.

Bí aṣòfin àdúgbò yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ gbé ike kan lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ bi í pé èló ni, àti pé ìsọ̀ wo ni yóò gbà á.