Eyín Híhù Kì í Ṣe Àìsàn

 

Ní Àlàmísì tí ó kọjá, mo yà lọ́dọ̀ Àlàájà kan tí ń ta ata gígún ní Ọjà Ọba, ní Ìlọrin níbí. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ oṣù 8, wà lẹ́yìn wọn, ó rọ̀ jọwọlọ. Mo ní, "Àlàájà, kí ló ṣe ọmọ wa?"

"Tíṣà, eyín ni. Ó ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná." Wọ́n na ìgò oògùn kan sí mi pé kí n bá àwọn ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Ọkàn mi lọ sí ọdún 2008. Ní ọdún náà, oògùn eyín ọmọdé kan tí ń jẹ́ My Pikin pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Kẹ́míkà olóró tí ń jẹ́ diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀; ó ba kíndìnrín wọn jẹ́, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni eyín híhù kì í ṣe ohun tí à ń wá irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí!

Kí a tó bí ọmọ ni eyín rẹ̀ ti ń dá sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù 6, ti iwájú nísàlẹ̀ a yọrí bí àgbàdo tí ó hù. Wọn a pé 20 kí ó tó pé ọdún 3 tàbí láìpẹ́ sí i. Èrìgì lè máa yún ọmọ, itọ́ lè máa dà, ó lè máa sunkún lóru. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá dé tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń bá eyín rìn? Ìgbà náà gan-an ni a ń bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ ní ògì, tí ó ń rákò, tí ohun gbogbo tí ó bá hé ń lọ sí ẹnu. Ààbò tí ó gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún sì ti ń dínkù. Ìdọ̀tí ni ó jẹ̀bi, eyín ni a ń dá lẹ́jọ́.

Àlàájà ní ọmọ 7 ni àwọn tọ́, eyín gbogbo wọn ni ó mú ìgbẹ́ wá. Mo bi wọ́n pé omi wo ni àwọn ọmọ náà ń mu nígbà yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò dáhùn. A jọ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní omi ORS àti síńkì. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń tọ̀. Ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin olùkọ́, tiyín kù. Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá kan a hù lẹ́yìn pátápátá, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, láìjẹ́ pé ọ̀kan ká fún un. Àwọn òbí a rò pé eyín ọmọdé ni, pé bí ó bá jẹrà, òmíràn ń bọ̀. Kò sí òmíràn. Ara eyín lóde le ju egungun lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ, kì í hù padà. Bí ihò náà bá sì dé inú, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà, oorun tán. Ẹ wo ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì kìíní yín. Àgbà tí eyín rẹ̀ bá pé a ní 32. Èmi ní 30, nítorí pé wọ́n ti yọ méjì nínú irú eyín yìí lẹ́nu mi kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá.